.com, .com.ng àbí .ng? Ìfiwéra fún ẹni tó ń dá òwò tuntun sílẹ̀ ní Àkúrẹ́

Ẹni tó bá ń dá òwò sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ lónìí, ohun tó máa ń yá a lára jù ni kó gba ṣọ́ọ̀bù, kó ya báńà, kó sì ṣí ojú ìwé sórí Instagram. Orúkọ dòméènì, ìyẹn orúkọ tí èèyàn máa tẹ̀ sórí fóònù kó tó bá ìkànnì yín pàdé, á di "tó bá yá". Kó tó yá, ẹlòmíì á ti gbà á.

Tèmi ni pé ọ̀rọ̀ .com tàbí .ng kọ́ ló yẹ kó pọ̀ jù nínú àníyàn yín. Orúkọ ta ló wà nínú ìwé, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, màá sì jókòó tì í dáadáa tí mo bá débẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé ìparí orúkọ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè, ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ wọlé.

Ìparí orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | .com | .com.ng | .ng | .shop, .store, .xyz |
|---|---|---|---|---|
| Ta ló ń bójú tó o? | Verisign, ní Amẹ́ríkà | NiRA, ní Nàìjíríà | NiRA, ní Nàìjíríà | Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lókè òkun |
| Owó rẹ̀ | Dọ́là ló ń darí rẹ̀ | Náírà. Òun ló sábà máa ń rọjú jù | Náírà. Ó wọ́n ju .com.ng lọ | Ọdún àkọ́kọ́ lè rọjú. Ọdún kejì ni kí ẹ wò |
| Ṣé orúkọ dáadáa ṣì kù? | Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán | Ó pọ̀ | Ó ṣì wà díẹ̀ | Ó pọ̀ |
| Ó bá ta mu? | Ẹni tó fẹ́ tajà kọjá Nàìjíríà | Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà nílé | Ẹni tó fẹ́ orúkọ kúkúrú tó lè sanwó rẹ̀ | Ẹni tó ti ní ọ̀kan nínú mẹ́ta ìṣáájú |

Ẹ má jẹ́ kí tábìlì yìí tàn yín pé wọ́n dọ́gba. .com lágbára torí pé ó ti mọ́ ayé lọ́wọ́. Oṣù kẹta ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ Symbolics ní Amẹ́ríkà gba èyí àkọ́kọ́, láti ìgbà náà ni gbogbo ayé sì ti ń já orúkọ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tí oníbàárà bá gbọ́ orúkọ yín lórí rédíò, .com lọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orúkọ kúkúrú tó dùn ún pè kò sí nílẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó kàn rà á pa mọ́ láti fi tà á lówó gọbọi.

.ng ni ti Nàìjíríà. Nigeria Internet Registration Association, NiRA, ló ń bójú tó o. Àjọ náà kì í tà á fún aráàlú fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó fún láṣẹ, ọwọ́ wọn la ti ń rà á. Ẹnikẹ́ni ló lè gba .com.ng. Àwọn kan wà lábẹ́ .ng tó jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn: .gov.ng jẹ́ ti ìjọba, .edu.ng ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, .sch.ng ti ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń lo ondostate.gov.ng, tí FUTA sì ń lo futa.edu.ng. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé-ìwé aládàáni, .sch.ng ni kó kọ́kọ́ béèrè, torí pé ìparí yẹn fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe kí òbí tó ka ohunkóhun.

Ní ti .shop àti .xyz, owó ọdún àkọ́kọ́ ni ìjẹ tí wọ́n fi ń mú ẹja. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sí iwájú ọdún kejì kí ẹ tó tẹ "sanwó". .africa náà wà, láti 2017; ó dùn létí, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ta pupuru fún àwọn ará Àkúrẹ́ àti Òkìtìpupa, ẹ̀wù yẹn tóbi ju ọrùn lọ. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gba .tk àti .ml lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ Freenom rí. Ní 2023 ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ fífúnni ní orúkọ tuntun dúró, nígbà tó sì di 2024 ó kéde pé òun ń fi òwò náà sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti fi .tk ṣe káàdì àti báńà ló ní láti tún wọn tẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Instagram àti WhatsApp tó mi." Ẹ lò wọ́n, ó dáa. Àmọ́ ẹ rántí 4 oṣù kẹwàá 2021, nígbà tí Facebook, Instagram àti WhatsApp kú papọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri àgbáyé. Láti oṣù kẹfà ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ sì ti ti Twitter pa ní Nàìjíríà, kò ṣí i títí di oṣù kìíní 2022. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò kankan kó tó ṣẹlẹ̀.

Náírà tàbí dọ́là

Níbí ni .com ti ń pa àwọn èèyàn lára láìpariwo. Ká ní orúkọ kan jẹ́ dọ́là 15 lọ́dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi ₦470 lọ ní báńkì. Ìyẹn jẹ́ ₦7,050. Nígbà tí dọ́là dé ₦1,500 ní 2024, orúkọ kan náà di ₦22,500, bẹ́ẹ̀ Verisign kò tíì fi kọ́bọ̀ lé e nínú ìṣirò yìí. Tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tó ń gba náírà, wọn á kàn yí iye náà padà fún yín nígbà tó bá tó àkókò àtisan ni. Dọ́là ṣì ni ìdí rẹ̀.

NiRA ní tirẹ̀, náírà ló fi ń dá owó lé .ng àti .com.ng. Òun náà lè gbé owó sókè, ṣùgbọ́n kò ní fò ní òru ọjọ́ kan torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà dọ́là. Fún télọ̀ tó wà ní Arákalẹ̀, tí oníbàárà rẹ̀ kò kọjá Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Ìdànrè, .com.ng ni mo máa ní kó mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń fi kòkó Ìdànrè ṣe ṣokoléètì tó fẹ́ tà á dé Lọ́ńdọ̀nù, .com ni kó fi owó sí, kó sì mú .com.ng mọ́ ọn torí ẹni ilé.

Kí ẹ tó mú .com.ng, ẹ wo ẹni tó jókòó sórí .com

Èyí ṣe kókó ju iye owó lọ. Ẹ tẹ orúkọ tí ẹ fẹ́ pẹ̀lú .com, kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Éṣíà tó ń ta bọ́ọ̀tù irin ni, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ ojú ìwé òfìfo tí wọ́n kọ "orúkọ yìí wà fún títà" sí, ẹ lè gba .com.ng, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn yín. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe irú òwò yín ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ yí orúkọ padà kíákíá. Ẹ ò ní fẹ́ polówó fún un. Oníbàárà yín máa kọ .com, á bá ọjà ẹlòmíì, á rà á níbẹ̀. Ímeèlì tó yẹ kó wá sọ́dọ̀ yín náà á gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ: ìwé owó, àdéhùn, nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹni tó ń báwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká da òwò pọ̀ mọ ohun tí ímeèlì kan ṣoṣo tó ṣìnà lè fà.

Ọjọ́ kan náà tí ẹ bá wo dòméènì ni kí ẹ wo ojúlé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bóyá orúkọ ìṣòwò náà ṣì wà, kí ẹ sì wo Instagram, TikTok àti Facebook. CAC kò mọ ohunkóhun nípa dòméènì, àwọn tó ń ta dòméènì kò sì béèrè CAC lọ́wọ́ yín fún .com tàbí .com.ng. Tí CAC bá gbà láti fi orúkọ pa mọ́ dè yín, ọjọ́ 60 ni wọ́n ń fún yín kí ẹ fi parí ìforúkọsílẹ̀. Dòméènì kò ní dúró dè yín fún ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, dòméènì ni kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fún.

Orúkọ ara ẹni, orúkọ ìlú, orúkọ ọjà

Orúkọ ara ẹni dára fún agbẹjọ́rò, dókítà, ayàwòrán ilé, ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an lèèyàn ń wá. Àléébù rẹ̀ ni pé tó bá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ta òwò náà, ẹ̀ ń ta orúkọ ara yín mọ́ ọn.

Orúkọ ìlú ń ràn yín lọ́wọ́ lórí Google, torí pé ẹni tó ń wá ohun tó wà nítòsí á kọ "Akure" mọ́ ohun tó ń wá. Kò burú fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n "Ondo" ní ìdí tí mo fi ń sá fún un: ìlú ni, ìpínlẹ̀ náà sì ni. Ẹni tó bá rí "ondofabrics" ní Ìkàrẹ́ kò ní mọ̀ bóyá ìlú Oǹdó ló máa wọkọ̀ lọ tàbí kó kàn yà sí Àkúrẹ́. Ẹ fi "Sunshine" náà sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ ń jẹ́ ẹ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé, búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá. Ẹ má bá wọn dù ú.

Orúkọ ọjà, bíi kí "cocoa" tàbí "pupuru" wà nínú rẹ̀, máa ń jẹ́ kó yé èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdè ló sì tún jẹ́: ẹni tó fi pupuru sórúkọ, tó bá fẹ́ fi gààrí àti láfún kún un lọ́dún tó ń bọ̀, orúkọ á máa ta kò ó. Èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Yorùbá kúkúrú tí kò so mọ́ ọjà kan pàtó. Ibẹ̀ ni wàhálà lẹ́tà wa sì ti bẹ̀rẹ̀.

Dòméènì kì í gbà ju a dé z, 0 dé 9 àti dáàṣì lọ, dáàṣì kò sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí. Ó lè gùn tó lẹ́tà 63, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá lò ju 15 lọ ń fìyà jẹ oníbàárà ni. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀, bíi ẹ, ọ àti ṣ, ṣeé rà lábẹ́ .com, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á yí i padà sí ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "xn--", tó rí bí ojúlé onígbájúẹ̀. Ẹ kọ ọ́ láìfàmì sí i. Ìgbà náà ni ẹ óò wá mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn wa ń gbà kọ ṣ. Ẹ pe Ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Ọba lórí fóònù, kí ẹ ní kó bá yín kọ orúkọ náà sílẹ̀:

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ 'Àṣàbí Kitchen'."

"Ó dáa, ọmọ mi. S nìkan ni, àbí s pẹ̀lú h?"

Tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ ra asabi àti ashabi méjèèjì, kí ẹ darí ọ̀kan sí èkejì. Ìdánwò fóònù yìí gbéṣẹ́ ju ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó mọ kọ̀ǹpútà máa sọ lọ. Á tú àṣírí "4" tí ẹ fi rọ́pò "for", á tú ti dáàṣì tí ẹ rò pé kò sí nǹkan. Ẹ tún ka orúkọ náà ní àkàpọ̀ láìsí àlàfo. "Oko" láìfàmì lè jẹ́ oko tí a ń ro, ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti èyí tí mi ò ní kọ síbí. Ẹni tó ń ta irè oko kó rò ó dáadáa.

Ẹ̀yin fúnra yín, àbí ẹni tó ń ṣe ìkànnì fún yín?

Mo ti ń bọ̀ wá síbí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dẹ̀sáínà ní Àkúrẹ́, pàápàá àwọn ọmọ FUTA tí wọ́n mọṣẹ́ tí wọn kì í gbowó púpọ̀, máa ń sọ pé, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, dòméènì wà nínú owó náà." Òótọ́ ni, wọn á rà á. Àmọ́ ímeèlì tiwọn, àkáǹtì tiwọn, orúkọ tiwọn ni wọ́n á fi rà á, kì í sì í ṣe pé wọ́n ní èrò ibi. Ó kàn rọrùn bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọmọ náà ti gba iṣẹ́ sí Kánádà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, iná ìkànnì yín á sì kú. Bí ẹni tó rán ajẹ́ǹtì lọ ra ilẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ajẹ́ǹtì sínú rìsíìtì lọ̀rọ̀ náà rí: ẹ ti kọ́lé, ẹ ò nílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ dòméènì lè ní ju ipò kan lọ. Oní-nǹkan wà; ibòmíì á tún ní alákòóso, ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé owó sí àti ẹni tó mọ ẹ̀rọ. Ipò tó kẹ́yìn yìí ni ti dẹ̀sáínà. Orúkọ yín àti ímeèlì yín ló gbọ́dọ̀ wà ní ipò oní-nǹkan. Tí ẹ bá lè fi fóònù san owó iná, ẹ lè ra dòméènì fúnra yín. Iṣẹ́ kékeré ni. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín nígbà tó bá ń rà á, kí páásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ yín kí ó tó dìde.

Ẹni tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́? Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bẹ dẹ̀sáínà kó fún yín ní kóòdù tí wọ́n fi ń gbé dòméènì kúrò níbì kan lọ síbòmíì, kó sì tú àgádágodo rẹ̀. Ẹ má jà kí kóòdù tó dé ọwọ́ yín. Fún .com, tí kò bá tíì pé ọjọ́ 60 tó forúkọ sílẹ̀, kò ní ṣeé gbé. Ẹ ní sùúrù.

Ilé-iṣẹ́ ti ilé tàbí ti òkè òkun?

Ti òkè òkun sábà máa ń rọjú lórí .com, ojúlé wọn sì máa ń mọ́. Ṣùgbọ́n káàdì ni wọ́n ń fẹ́, dọ́là ni wọ́n ń yọ. Ní ìparí 2022 ọ̀pọ̀ báńkì wa dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró, àwọn tó ti fi káàdì wọn sílẹ̀ fún ìsanwó aládàáṣe kò sì mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí orúkọ fi bọ́. Ti ilé ń gba owó láti báńkì sí báńkì, ẹ lè pè wọ́n kí ẹ sì bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ kàn rí i pé NiRA fún wọn láṣẹ. Orúkọ wọn wà lójúlé NiRA. Èmi á ra .com.ng nílé, màá sì ra .com níbi tí owó mi ti lè dé láìsí ìdíwọ́. Kò pọn dandan kí àwọn méjèèjì wà níbì kan.

Kí orúkọ má bàa bọ́

Nígbà Kérésì 1999, Microsoft gbàgbé láti san owó passport.com, àwọn èèyàn kò sì lè wọ Hotmail. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló fi káàdì ara rẹ̀ san dọ́là 35 kí iṣẹ́ tó máa lọ. Tí Microsoft bá lè gbàgbé, ẹ má gbára lé orí.

Tí ọjọ́ .com bá pé tí ẹ ò san, ilé-iṣẹ́ lè fún yín ní àyè tó tó ọjọ́ 45, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ 30 ìràpadà, tí owó ìtanràn rẹ̀ lè ju owó orúkọ fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ọjọ́ márùn-ún sí i, ó di ti ẹni tó bá yára jù, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì yára ju yín lọ. Ẹ san ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan tí agbára bá ká a; ọdún 10 ni òpin.

Ímeèlì tí ẹ fi ṣí àkáǹtì dòméènì kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó wà lórí dòméènì náà. Tí orúkọ bá bọ́, ímeèlì náà á kú, ìkìlọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kò sì ní ibi tó máa bà sí. Ẹ lo Gmail tàbí irú rẹ̀, kí ẹ tan ìfẹ̀ríhàn ìpele méjì, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù yín lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, kí nọ́ńbà tí ẹ fi síbẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́. SIM tí ẹ jù sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n lè gbà á kí wọ́n tà á fún ẹlòmíì.

Ímeèlì kan náà á dé, ẹ múra sílẹ̀ fún un: "Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi orúkọ yín sílẹ̀ ní Ṣáínà, ẹ yára wá sanwó." Irọ́ ni. Ẹ pa á rẹ́.

Tí ẹlòmíì bá ti gbà á

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ yí tiyín padà, tàbí kí ẹ pè é lẹ́jọ́. Fún .com, ètò ìdájọ́ kan wà láti 1999 tí ẹ ò ní nílò ilé ẹjọ́ fún, WIPO, àjọ àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ, ní Switzerland sì wà lára àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ ní àmì òwò tí orúkọ náà jọ, pé ẹni náà kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí i, àti pé èrò burúkú ló fi gbà á tó sì fi ń lò ó. Ìwé CAC nìkan kò tó láti fi hàn pé ẹ ní àmì òwò. Ọ́fíìsì àmì òwò ní Àbújá ni ìyẹn ti ń jáde. Ẹni tó sì ti ń jẹ́ orúkọ náà tọkàntọkàn kí ẹ tó dá òwò sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún yín.

Owó tí WIPO ń gbà fún adájọ́ kan lórí dòméènì kan dé márùn-ún jẹ́ 1,500 dọ́là, láìka ti agbẹjọ́rò. Fún òwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ọ̀nà kejì ni mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n tọ̀: ẹ wá orúkọ mìíràn, ẹ pè é fún Ìyá l'Ọ́jà Ọba, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà.